Bí a ṣe ń dúró ti ọmọ tí FND ń ṣe: ìtọ́sọ́nà fún àwọn òbí nílẹ̀ Òkun

Òkun o, ẹ̀yin òbí. Láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Kogí wa níbí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ń ṣubú, ó ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. A ti ya fọ́tò orí, a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Kí la fẹ́ ṣe báyìí?"

Nǹkan wà níbẹ̀, ó sì lórúkọ. Functional neurological disorder ni dókítà máa kọ sínú ìwé, FND ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n. Ohun tó máa ń pẹ́ wọn lórí àìsàn, lójú tèmi, ni gbígbé kiri: ọ̀sẹ̀ yìí Lọ́kọ́jà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ orí òkè, èyí tó tẹ̀ lé e ilé oníṣègùn. Bí ẹ bá ti rí dókítà tó mọ ohun tó ń ṣe ọmọ, ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ ni ìwòsàn tó kù wà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ọmọ

Ọpọlọ rẹ̀ kò bàjẹ́. Kò sí egbò níbẹ̀, kò sì sí kókó. Àṣẹ tí ọpọlọ ń pa fún ẹsẹ̀, ọwọ́, ojú tàbí ohùn ni kì í dé ibi tó ń lọ bó ṣe yẹ, tàbí kí èyí tí ara ń rán padà sí ọpọlọ ṣìnà. Fọ́tò orí ń fi bí ọpọlọ ṣe rí hàn, kì í fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, ìyẹn ló ṣe máa ń jáde láìní àbààwọ́n.

Ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ tó rọ, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ohùn tó pòórá, ojú tí kò ríran dáadáa, ara tó kú tipiri, tàbí ìṣubú àti gbígbọ̀n tó jọ wárápá. Àwọn ọmọ tó ti ń bàlágà ló máa ń ṣe jù, ó sì pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn ibà, ìṣubú, ìdánwò, ọ̀fọ̀ tàbí ìyà táwọn ẹgbẹ́ fi ń jẹ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ ò ní rí ìdí kankan, kò sì pọn dandan kí ẹ rí i kí ara rẹ̀ tó yá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ "ta ló ṣe é?" sílẹ̀.

Ọmọ náà kò díbọ́n. Mo mọ̀ pé ó lè ṣòro láti gbà, nítorí ẹsẹ̀ tó kọ̀ láàárọ̀ lè rìn lọ́sàn-án. Bí àìsàn yìí ṣe ń ṣe nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí irọ́.

Dúró ná: àwọn àmì tí a kì í fi falẹ̀

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kódà bí ẹnì kan bá ti pè é ní FND tẹ́lẹ̀:

- ibà gíga, ọrùn tó le, tàbí kó máa sùn láìṣeé jí (ibà tó gun orí ń bẹ, yírùnyírùn náà ń bẹ)
- gìrì àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, tàbí gbígbọ̀n tó lé ní ìṣẹ́jú 5 tí ẹ ò tíì mọ ohun tó ń fà á
- ètè tó di búlúù, èémí tó ń há
- ó forí gbá nǹkan, tàbí ajá bù ú jẹ láìpẹ́ yìí
- ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan
- orí tó ń fọ́ ọ láàárọ̀ pẹ̀lú èébì, tàbí ó ń rù
- ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ tí kò lè mú dúró mọ́, tí ẹsẹ̀ sì rọ
- ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS (sickle cell) tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ lójijì. Rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ kà á sí títí dókítà á fi sọ pé kì í ṣe òun. Ẹ má dúró gbọ́ ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni.

Bí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 bá ṣàdédé rọ, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti yẹ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wò. Òfin iṣẹ́ wọn ni, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti rí i lára ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ di ibi kan mú

Ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé ìtọ́kasí fún yín. Ará Yàgbà lè lọ sí ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá nílò dókítà ọpọlọ tàbí ẹ̀rọ EEG (èyí tó ń ka bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́), Federal Teaching Hospital ní Lọ́kọ́jà tàbí ilé ìwòsàn yunifásítì Ìlọrin ni wọ́n sábà máa ń darí yín sí. Ẹ pè kí ẹ tó wọkọ̀, kí ẹ béèrè ọjọ́ tí kílíníkì àwọn ọmọdé máa ń jókòó. Kò dára kí ẹ bá tírélà sìmẹ́ǹtì du ọ̀nà Ọ̀bàjànà tán, kí ẹ wá gbọ́ pé ọjọ́ Tuesday ni. Bí ẹ bá wà nínú ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀, ẹ mú káàdì rẹ̀ dání, kí ẹ béèrè ohun tó san àti ohun tí kò san.

Ohun tó wúlò jù tí ẹ lè mú lọ ni fídíò. Bí ẹ ṣe máa yà á nìyí:

1. Ẹ rí i pé ọmọ wà láìléwu kí ẹ tó mú fóònù.
2. Ẹ ya gbogbo ara rẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ẹ sún mọ́ ojú. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá ojú ṣí tàbí ó pa dé. Nínú wárápá, ojú sábà máa ń ṣí sílẹ̀. Nínú ti FND, ó sábà máa ń pa dé pinpin, orí lè máa mì sọ́tùn-ún sósì, gbígbọ̀n náà á rọlẹ̀, á tún gbéra.
3. Ẹ jẹ́ kí ó gùn títí á fi parí, bó ṣe ń padà bọ̀ sípò náà ṣe pàtàkì.
4. Ẹ kọ ọjọ́, aago, àti ohun tó ń ṣe kó tó dé sínú ìwé kékeré kan.

Ẹ má fi fídíò náà sórí WhatsApp ẹbí tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ yín á dàgbà, á bá a níbẹ̀.

Dókítà tó mọṣẹ́ kì í fi "a ò rí nǹkan kan" pe àìsàn yìí, ó ní àmì tó ń wá. Á ní kí ọmọ tó dùbúlẹ̀ tẹ gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ tó rọ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, agbára ò ní sí níbẹ̀. Á wá ní kó gbé ẹsẹ̀ kejì sókè, òun á di ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Bí gìgísẹ̀ tó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan bá wá tẹ bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀nà tí agbára ń gbà kò já. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, á ní kó fi ọwọ́ kejì ta ìka bí ìlù. Gbígbọ̀n náà lè dúró tàbí kó bá ìlù lọ. Ẹ ní kí ó ṣe é lójú ọmọ, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Mo ti rí i pé ìyẹn ń ṣe ju oògùn lọ.

Nípa oògùn: oògùn wárápá kì í wo gbígbọ̀n FND. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan ní méjèèjì pọ̀. Bí ọmọ bá ti ń lò ó, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ohun tí ẹ máa sọ fún ọmọ

Kí gbogbo ilé sọ ohun kan náà. Bí bàbá bá ń pè é ní ọ̀lẹ, tí ìyá ń pè é ní àrùn, tí Màmá àgbà ń sọ pé ẹgbẹ́ ọ̀run ni, èwo ni kí ọmọ gbà gbọ́? Ẹ lè sọ ọ́ báyìí:

"Ọmọ mi, ohun tó ń ṣe ẹ́ kì í ṣe irọ́, kì í sì ṣe ẹ̀bi rẹ. Ọpọlọ rẹ ò bàjẹ́. Ó kàn gbàgbé bó ṣe ń bá ẹsẹ̀ rẹ sọ̀rọ̀ ni, a sì máa kọ́ ọ padà. Ó lè pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ó ń lọ."

Bí ó bá béèrè ọjọ́ tó máa parí, ẹ má dá ọjọ́ fún un. Ọjọ́ tí a dá tó sì yẹ̀ ń dun ọmọ ju àìsàn lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Nígbà tó bá mú un

Èyí jẹ́ fún ọmọ tí dókítà ti yẹ̀ wò tó sì ti sọ pé FND ni.

1. Ẹ wo aago.
2. Ẹ kó iná, ọ̀bẹ, àga àti òkúta kúrò nítòsí. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí.
3. Ẹ lé èrò dànù. Ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó dúró tì í.
4. Ẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, gbólóhùn kan: "Mo wà níbí, kò séwu, ó máa lọ." Lẹ́yìn náà ẹ dákẹ́. Ó lè máa gbọ́ yín, nítorí náà ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń sọ lórí rẹ̀.
5. Bí gbígbọ̀n bá ti rọlẹ̀, ẹ fi í dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀gbẹ́.
6. Bó bá ti jí, ẹ fún un ní omi, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, kó sì padà sídìí ohun tó ń ṣe. Kì í ṣe ọjọ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ti FND lè pẹ́ ju ti wárápá lọ, nítorí náà ẹ bi dókítà yín iye ìṣẹ́jú tí ẹ lè fi dúró kí ẹ tó gbé e wá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, tàbí ó fara pa, ẹ má dúró de iye ìṣẹ́jú yẹn.

*Ẹ má ṣe é rárá:*

- ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ ọmọ lẹ́nu
- ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ má gbá a létí
- ẹ má fi ata tàbí àlùbọ́sà sí i lójú, ẹ má fi kẹrosíìnì pa á lára
- ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Àwọn ọmọ ti fi ọmọ ìka ṣòfò nítorí èyí
- ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń pa ọmọ. Gìrì tí kò sí tẹ́lẹ̀ ló lè tibẹ̀ wá

Ìgbésẹ̀ 4: Kíkọ́ ẹsẹ̀ (tàbí ọwọ́) padà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà dáadáa.

Ọmọbìnrin kan, ọmọ JSS2, kò lè gbé ẹsẹ̀ òsì. Ó ń di ògiri mú láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé. Lọ́jọ́ kan, àbúrò rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ tẹ́n-tẹ́n. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó ń fi èkejì gba àtẹ́wọ́. Nígbà tí orin dé ibi tí ẹsẹ̀ ń jáde, ẹsẹ̀ òsì jáde. Ni ìyá bá pariwo: "Hàáà! Ṣebí o lè gbé e!" Ẹsẹ̀ náà tún kọ̀ lójú ẹsẹ̀, ọmọ bú sẹ́kún.

Ẹ̀kọ́ tí físíò (physiotherapist, ẹni tó ń kọ́ ara bó ṣe ń rìn padà) ń lò fún FND wà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn. Bí ọkàn ọmọ bá wà lórí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á kọ̀. Bí ọkàn bá wà lórí eré, ẹsẹ̀ á ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì pariwo, ojú gbogbo ilé ti padà sórí ẹsẹ̀ nìyẹn, a tún ti sọ ọmọ di onírọ́. Bí ẹ bá rí i tó gbé e, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kí eré máa lọ.

Bí ẹ ṣe lè ṣe é:

1. Lórí ìdúró, kí ó máa gbé ara láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì bí ẹni ń jó sí orin tó fẹ́ràn. Kí ọwọ́ rẹ̀ wà lára tábìlì.
2. Kó rìn sẹ́yìn, tàbí kó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò lè rìn síwájú ń ṣe é.
3. Kó máa gbá bọ́ọ̀lù rọra, kó ṣe tẹ́n-tẹ́n, kó fo sùwẹ̀ tí wọ́n fà sílẹ̀.
4. Kó rìn pẹ̀lú orin tàbí kó máa ka nǹkan sẹ́yìn bó ṣe ń rìn.
5. Fún ọwọ́: kó bá ẹnìkejì gún iyán, ọmọ odó kékeré ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Ìró odó tí ẹnìkejì ń sọ ló ń gbé ọwọ́ rẹ̀. Kó ṣa ẹ̀gúsí, kó di irun bèbí.

Kó jẹ́ díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, iye kan náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí ara bá yá, ọmọ á sáré káàkiri, á wá fi ọjọ́ mélòó kan dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀n sí ọjọ́ tó dáa, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ tí kò dáa ṣófo pátápátá.

Ẹ má sáré ra kẹ̀kẹ́ arọ tàbí ọ̀pá ìfìrìn. Bí ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ bá jìn, a lè yá a lò fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn ìgbà tí a máa dá a padà, kí físíò sì mọ̀ sí i. Ẹsẹ̀ tí a kò lò máa ń rù, oríkèé rẹ̀ á sì gan.

*Bí kò bá sí físíò nítòsí:* ẹ lọ bá a ní ìlú ńlá lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi fóònù gba bó ṣe ń ṣe é pẹ̀lú ọmọ, kí ẹ máa ṣe é nílé, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ lè máa pè é. Dókítà Jon Stone ní Edinburgh ṣe ojúewé kan, neurosymptoms.org, tó ṣàlàyé àìsàn yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa kà á, ẹ lè fi han nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ tí kò tíì gbọ́ ọ rí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ilé-ẹ̀kọ́

Ẹ má dúró dìgbà tí ara bá yá tán kí ọmọ tó padà. Bó bá ṣe ń pẹ́ nílé ni ìbẹ̀rù ń pọ̀. Wákàtí méjì lóòjọ́ sàn ju òfo lọ.

Kí bàbá tàbí ìyá lọ fúnra rẹ̀, kó rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ kíláàsì, kó mú ìwé dókítà dání. Àdéhùn tí ẹ máa jọ ṣe:

- ẹni tí ọmọ máa lọ bá tó bá ń mú un bọ̀, àti yàrá tó máa jókòó sí
- kò ní jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni wọ́n á máa gbé e wá sílé. Bó bá ti jí, kó padà sí kíláàsì
- wọn ò ní nà án nítorí rẹ̀, wọn ò sì ní pe gbogbo kíláàsì wá wò ó
- wọ́n á wádìí bóyá ẹnì kan ń fìyà jẹ ẹ́
- ìdánwò: wọ́n á fún un ní àyè láti sinmi láàárín

Bí olùkọ́ bá ń bẹ̀rù pé ó máa ran àwọn tó kù, ẹ sọ fún un pé kì í ran bí ibà àkóràn. Ṣùgbọ́n ariwo àti èrò tó pé jọ lè mú kí ọmọ mìíràn tí ẹ̀rù ń bà bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n tú èrò ká.

Ìgbésẹ̀ 6: Nínú ilé

Iṣẹ́ ilé tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, kó máa ṣe é ní ìwọ̀n tó lè ṣe é. Kó jí lásìkò, kó jẹun lásìkò, kí fóònù sùn sí yàrá yín lálẹ́. Ẹ má máa bi í ní wákàtí-wákàtí pé "ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́?" Ẹ bi í nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀, nípa bọ́ọ̀lù. Ẹ má sì gbàgbé àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n tí ẹ ò ráyè fún mọ́ láti ọjọ́ tí èyí ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá ṣì ń ṣubú: kó má dá fa omi ní kànga, kó má dá lọ sí odò, kó má dín gàrí lórí ààrò, kó má gun igi kaṣú, kó má sì jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà.

Ẹ wá àyè kan tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan á wà, bóyá nígbà tí ẹ ń bó iṣu, kó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi tipátipá gbọ́ ọ. Kánsẹ́lọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí àǹtí kan tó fọkàn tán lè ṣe iṣẹ́ yìí tí kò bá sí saikọ́lọ́jíìsì nítòsí. Bí ó bá sọ pé òun ò fẹ́ wà láyé mọ́, tàbí ó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Àdúrà, àgbo àti ẹbí

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Èmi náà ń gbà á. Kí pásítọ̀ tàbí ààfáà wá sílé, kó gbàdúrà lójú yín, kó sì máa lọ. Ohun tí mo kọ̀ ni kí wọ́n fi ebi pa ọmọ lórúkọ ààwẹ̀, kí wọ́n nà án láti lé ẹ̀mí jáde, kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ sí ibùdó àdúrà láìsí òbí. Ọmọ tí wọ́n bá sọ fún pé ẹ̀mí ló wà nínú òun, ẹ̀rù ara rẹ̀ á máa bà á, ìṣubú á sì pọ̀ sí i.

Àwọn àgbà ẹbí ló máa ń le jù. Ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ sọ ọ́: "Ẹ ṣeun, Bàbá. Dókítà ti rí i, ó lórúkọ, a sì ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ẹ máa bá wa gbàdúrà, ṣùgbọ́n a ò ní gbé e kiri mọ́." Bí wọ́n bá bínú, ẹ tún un sọ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà.

Bí ó bá padà lẹ́yìn tó ti lọ

Ó lè padà ní ìgbà ìdánwò, lẹ́yìn ibà, tàbí nígbà tí ẹnì kan bá kú. Kò túmọ̀ sí pé ìtọ́jú ti bàjẹ́. Ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 3 àti 4 lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ mọ̀, ẹ má sì tún bẹ̀rẹ̀ fọ́tò orí láti ìbẹ̀rẹ̀ àyàfi tí dókítà bá ní kí ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ohun tó dé bá jọ ọ̀kan nínú àwọn àmì tí mo kọ sókè, tàbí ó jẹ́ irú tí ẹ ò rí rí, ẹ má fi FND bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ya fídíò tuntun, ẹ mú káàdì àtijọ́ àti ìwé kékeré yẹn dání, kí ẹ sì padà sọ́dọ̀ dókítà kan náà.